Àpótí páálí tí mo fi bo ẹnu fìláàṣì: kí ló dé tí fọ́tò ṣì ń le koko?

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà nídìí kámẹ́rà, mo kí yín. Yàrá kan ni mo fi ṣe sìtúdíò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gboyè àti àwọn ìyá tó wé gèlè lọ sóde ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Fìláàṣì kékeré kan ṣoṣo ni mo ní, pẹ̀lú tírígà tó ń jẹ́ kí n lè gbé e kúrò lórí kámẹ́rà. Bí mo bá tàn án sí ènìyàn lójú tààrà, iwájú orí a máa dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á, òjìji gèlè a sì dúdú kirikiri lára ògiri. Mo wá gé páálí bísíkíìtì kan, mo fi fọ́ìlì tẹ́ inú rẹ̀, mo sì ta aṣọ funfun sí ẹnu rẹ̀. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ya fọ́tò páálí náà fúnra rẹ̀, mo rí i pé àárín aṣọ nìkan ló mọ́lẹ̀ yòò, gbogbo etí rẹ̀ ló ṣókùnkùn. Àwọ̀ ara àwọn oníbàárà tún ń jọ àwọ̀ aró. Ṣé aṣọ ni ó jẹ̀bi ni, àbí fọ́ìlì? N kò tíì lówó èyí tí wọ́n ń tà.

Bàbá Afọ́tò, Adó-Èkìtì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Páálí rẹ ló kéré. Bí ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde bá ṣe fẹ̀ tó lójú ẹni tí à ń yà, bẹ́ẹ̀ ni òjìji yóò ṣe rọ̀ tó. Oòrùn tóbi ju ayé lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n nítorí pé ó jìnnà, bí ẹyọ owó ló rí lójú wa, ìdí nìyẹn tí òjìji ọ̀sán fi mú bí ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìkúukùu bá bo òkè Olósùnta yín, gbogbo ojú ọ̀run ló di àtùpà, òjìji a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Wá páálí tẹlifíṣọ̀n tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí o sì sún un mọ́ oníbàárà títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó hàn nínú fọ́tò. Má ṣe fojú kékeré wo sísún mọ́ yìí, nítorí pé páálí 60 tí o gbé sí mítà 2 kò fi ohunkóhun rọ̀ ju páálí 30 tó wà ní mítà 1. Bí o bá sì sún un láti mítà 2 wá sí mítà 1, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú yóò di ìlọ́po 4, o ó lè dín agbára fìláàṣì kù, bátìrì rẹ yóò sì pẹ́.

Ní ti àárín tó ń mọ́lẹ̀ jù, yí ojú fìláàṣì padà kí ó kọ́kọ́ kọlu ìdí páálí, tàbí kí o ta aṣọ kejì sí agbedeméjì inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ kejì yóò tún jẹ nínú ìmọ́lẹ̀. Fọ́ìlì tó ń dán bíi dígí kò dára. Fún un pọ̀ lọ́wọ́ kí o tó tún un tẹ́. Ọ̀dà funfun tí kò dán ni èmi ń kùn ún.

Ìyá Aránṣọ, Ìfàkì-Èkìtì

Àbúrò mi, kọ́kọ́ wo kámẹ́rà rẹ, nítorí pé bí o bá gbàgbé rẹ̀ sí ipò gílóòbù pupa, ìyẹn ètò àwọ̀ tí a ń lò lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, búlúù ni fọ́tò fìláàṣì yóò máa jẹ́. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, mo fura sí aṣọ. Ọ̀pọ̀ aṣọ funfun tuntun àti ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ló ní èròjà kan tí ń gba ìtànṣán tí ojú wa kò rí, tí yóò sì dá a padà ní àwọ̀ búlúù kí aṣọ lè dà bí ohun tó funfun ju funfun lọ. Àwọn fìláàṣì kan ní ìbòjú tó ń dá ìtànṣán yẹn dúró, àwọn mìíràn kò ní. Gbé aṣọ rẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní iná tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò; bí ó bá tàn búlúù lábẹ́ rẹ̀, má lò ó. Èmi ń lo aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń rán sí abẹ́ léèsì, lẹ́yìn tí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀. Mo ti dán kíjìpá tí wọn kò pa láró wò rí: kò ní búlúù nínú rárá, ṣùgbọ́n ó nípọn jù, gbogbo ènìyàn sì pọ́n bí ẹni tó fi osùn para.

Ayáwòrán Ọ̀yẹ́

Mo kí Bàbá àti Ìyá. Ọ̀rọ̀ dídán ara nìkan ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé mo rí i tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi páúdà pa á run. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, dídán yẹn ló ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú hàn. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ojú a tẹ́ pẹrẹsẹ. Bíi dígí ni ara ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, nítorí náà, bí o bá gbé páálí náà sí ẹ̀gbẹ́, tí o sì gbé e ga díẹ̀ ju ojú lọ, dídán náà yóò kúrò níwájú orí bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì fẹ̀ dípò kí ó dà bí ẹ̀kán omi. Ní ti òjìji gèlè, fa àga oníbàárà síwájú kúrò lára ògiri. Mo sì bẹ̀ ọ́, má ṣe ki gílóòbù tó ń gbóná bọ inú páálí. Fìláàṣì kékeré kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Olósùnta

Ẹ ṣeun, ẹ kò ní rí ibi. Aṣọ náà tàn búlúù lábẹ́ iná bí ẹni pé òun gan-an ni àtùpà, mo sì ti fi í ṣe ìbòrí tábìlì. Páálí tẹlifíṣọ̀n ti dé, mo yí fìláàṣì sẹ́yìn, òjìji gèlè sì ti rọ̀ débi pé ìyá tí mo yà láàárọ̀ yìí bèèrè bóyá mo ra kámẹ́rà tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni páálí náà ti gbé igi tó dúró lé ṣubú, nítorí náà mo ti so àpò iyanrìn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.