Ìyanrú, kì í ṣe ìmúbísí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a máa fi "ìmúbísí" pe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń wá ẹ̀yà tuntun fún ọ̀gbìn àti ọ̀sìn, kí ọ̀rọ̀ náà sì gba ti ẹyẹ inú igbó tó ń yé tó ń pamọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo rẹ̀, "breeding". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ àbá yìí.

Ìmúbísí ti níṣẹ́ tirẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan lọ́nà Ìdànrè bá gé igi ẹ̀gẹ́ sí wẹ́wẹ́ tó gbìn ín, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gẹ́ àná náà ni. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, kò dúró síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS 30572 jogún lára igi kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gẹ́, igi tó ń mú rọ́bà jáde, tí àrùn mòsáíìkì kì í tètè bá jà. Àrùn yìí ló ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tó ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ìyeyè. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà ni pé kí wọ́n da méjèèjì pọ̀, kí wọ́n gbin ọmọ wọn, kí wọ́n máa wò ó lọ́dọọdún, kí wọ́n sì ju èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nù. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé jíjù nù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ pè é ní ìmúbísí?

Àbá tèmi ni ìyanrú. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ bí a ṣe ń dá irú sí: ọmọ àgbàdo tó gbó dáadáa, tí kòkòrò kò jẹ, là ń so mọ́ òkè àdógán. Yíyan irú ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ti CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́, tó ń da kòkó pọ̀, òdòdó ara ìtí igi ni irú wọn ń fọwọ́ ṣe: wọ́n á bò ó kí kòkòrò tíntìntín má baà gbé eruku òdòdó mìíràn wá, wọ́n á wá fi eruku igi tí wọ́n yàn kàn án. Àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó tí kòkó ti bọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá yẹ kí a ní orúkọ fún iṣẹ́ náà.

Adìyẹ ló dá mi lójú jù. Adìyẹ ìbílẹ̀ wa, ìbáà ṣe abọ́lọ́rùn tàbí òpìpì, bó bá yé tán, á sàba. Adìyẹ ẹlẹ́yin inú àgò kì í sàba mọ́, nítorí adìyẹ tó bá sàba kò ní yé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó ń yan irú sì ti ń yọ irú bẹ́ẹ̀ kúrò láti ìran dé ìran. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ọ́: ìmúbísí ló gba ìmúbísí lọ́wọ́ adìyẹ. Ta ni yóò lóye rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ìyanrú ló gba ìsàba lọ́wọ́ adìyẹ ẹlẹ́yin, ìyá aládìyẹ ní Ọjà Ọba yóò lóye mi kíá. (Àwọn tó ṣe FUNAAB Alpha, ẹ̀yà adìyẹ tuntun láti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, kò kọ ẹ̀yìn sí adìyẹ ìbílẹ̀, inú mi sì dùn sí i.)

Ẹnìkan lè bi mí pé, ẹyẹ náà kì í yàn ni? Ó ń yàn. Akọ ẹ̀gà ló ń hun ilé, á so rọ̀ sẹ́nu rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́. Abo á yẹ ilé náà wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ̀, akọ á sì tú u láti tún òmíràn hun. Ṣùgbọ́n ọkọ ni ẹ̀gà ń yàn, kì í ṣe irú. Kò sí ẹni tó dúró lẹ́yìn igi ọ̀pẹ tó ń pinnu bí ọmọ yóò ṣe rí. Fún ti ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí a lo ohun tí a ní: àsìkò ìyé, ìsàba, ìpamọ.

Ẹlòmíràn mú "ìṣẹ̀dá irú" wá. Ó dùn létí, àmọ́ onímọ̀ kò dá nǹkan kan. Inú ohun tó ti wà ló ti ń mú. "Ìdàpọ̀ ẹ̀yà" dára fún apá kan iṣẹ́ náà, n kò bá a jà.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí a jọ wá ni orúkọ fún àgbàdo tí a ń rà lọ́dọọdún, tí a kò lè dá irú rẹ̀ sí, nítorí bí a bá tún un gbìn, ọmọ rẹ̀ kì í dọ́gba, kì í sì so tó ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ̀yin Ìkálẹ̀, kí ni àwọn àgbẹ̀ lọ́dọ̀ yín ń pè é?