Mustang mi àti yìnyín: ṣé rììmù 18 ni kí n mú fún táyà ìgbà òtútù, àbí kí n dúró sórí 19?

Káyọ̀dé:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mustang GT, ọkọ̀ Ford, ni mo ń wà, èyí tó ní Performance Pack (àfikún tí Ford ń ṣe sí i, tó ní bíréèkì tó tóbi jù), ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan sì ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Táyà tó bá a wá ni 255/40R19 níwájú (fífẹ̀ táyà ní mílímítà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti rììmù ní íǹṣì), 275/40R19 lẹ́yìn, táyà ìgbà ooru sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òtútù ti ń wọlé, yìnyín ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọkọ̀ yìí nìkan ni mo sì ní. Òun ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí.

Ṣé kí n wá táyà òtútù tó bá rììmù 19 mi mu, àbí kí n ra rììmù mìíràn tó kéré sí i? Ẹnì kan ní 17 ni kí n mú, pé ìyẹn ló máa dẹ owó lára jù. Ẹlòmíì ní táyà ẹ̀yìn méjì péré ni kí n pààrọ̀, ṣebí ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Fífẹ̀ táyà ńkọ́? Èrò tèmi ni pé bó bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe máa di ilẹ̀ mú tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Múyìwá:
Káyọ̀dé, o káre tó o béèrè kí yìnyín tó já. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ táyà méjì yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ló léwu jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún ẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó o pààrọ̀. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ iwájú ló ń yà, òun náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, torí tó o bá ti tẹ bíréèkì, iwájú ni ìwúwo ọkọ̀ ń dà sí. Tó o bá wọ táyà òtútù sẹ́yìn nìkan, ọkọ̀ á gbéra dáadáa, ọkàn rẹ á balẹ̀, títí wàá fi dé kọ́nà. Wàá yí sítíárìn, ọkọ̀ á máa lọ tààrà.

Rọ́bà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Rọ́bà táyà ìgbà ooru máa ń le tí ojú ọjọ́ bá ti wá sísàlẹ̀ 7°C, ì báà má sí yìnyín kankan nílẹ̀. Tí òtútù bá wá le gan-an, tó o ṣì ń gbé e rìn, rọ́bà ọ̀hún lè sán. Rọ́bà táyà òtútù ní tiẹ̀ ṣì máa ń rọ̀, àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n gé sójú rẹ̀ á sì máa ṣí bó ṣe ń yí, wọ́n á máa gbá yìnyín mú.

Ní ti rììmù, 18 ni. Gbàgbé 17. Díìsì bíréèkì iwájú Performance Pack jẹ́ mílímítà 380, ìyẹn íǹṣì 15, kalípà Brembo oní-písítìn mẹ́fà, ohun tó ń fún díìsì mọ́ tó o bá tẹ bíréèkì, tún wà lórí rẹ̀. Kò sí bí rììmù 17 ṣe máa gbà á. Gbogbo rììmù 18 kọ́ ló máa gbà á pàápàá, nítorí bí wọ́n ṣe tẹ apá rììmù síta yàtọ̀ síra. Kó o tó san owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbé ẹyọ kan ṣoṣo wọ ẹsẹ̀ iwájú láìtíì fi táyà sí i. Fi nọ́ọ̀tì mú un, fi ọwọ́ yí i po, kó o wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti kalípà yí ká. Ihò nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ 5x114.3, ìyẹn ihò márùn-ún lórí òbìrí tó fẹ̀ tó mílímítà 114.3, kí ihò àárín sì jẹ́ mílímítà 70.5. Tí ihò àárín bá fẹ̀ ju ìyẹn lọ, wá òrùka tó máa dí àlàfo náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ.

Ìyá Ìbejì:
Bọ̀dá Káyọ̀dé, lórí títì gbígbẹ nínú ooru, òótọ́ lẹ sọ nípa fífẹ̀. Tó bá di inú yìnyín, ọ̀rọ̀ yí padà. Táyà tó fẹ̀ máa ń léfòó sórí yìnyín bí ọkọ̀ ojú omi, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ á rì wọ inú rẹ̀, á wá ilẹ̀ kàn nísàlẹ̀.

235/50R18 ni mo máa ní kẹ́ ẹ mú, ìwọ̀n kan náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ford fúnra wọn ti fi ìwọ̀n yìí sábẹ́ GT tí kò ní Performance Pack, nítorí náà kì í ṣe àjèjì sí ọkọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. 50 yẹn ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, ìdá 50 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀: ìdajì 235 jẹ́ 117.5. Tòkè tìsàlẹ̀, ó di 235. Rììmù íǹṣì 18 jẹ́ mílímítà 457. Ẹ ro ó pọ̀, 692 ni. Ẹ bá mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti iwájú tẹ́ ẹ ní báyìí, ẹ máa rí 687. Ti ẹ̀yìn á fún yín ní 703. Tuntun yìí bọ́ sáàárín méjèèjì, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìkankan kò tó ìdá 2 nínú 100. Ìdá 3 làwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ kọjá, torí aago tó ń ka eré á máa purọ́, ABS, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, náà á sì máa ṣìnà.

Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ẹ lè máa gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn kí wọ́n lè jẹ dọ́gba. Ẹ ò lè ṣe ìyẹn pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín báyìí. Ẹ̀gbẹ́ tó ga náà tún máa ń gba rììmù sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó sí kòtò tí yìnyín bò mọ́lẹ̀.

Akínlolú:
Ẹ̀gbọ́n Múyìwá, ẹ má bínú, mo fẹ́ yà díẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dúró sí. 19 náà ṣe é lò. 255/40R19 yípo ni mo ń lò, torí ọ̀nà tèmi, wọ́n á ti kó yìnyín kúrò lórí rẹ̀ kí n tó jáde. Títì máa ń tutù nini, àmọ́ ó máa ń gbẹ. Irú ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, Káyọ̀dé, nítorí oríṣi táyà òtútù méjì ló wà.

Ọ̀kan ni ti omi dídì àti yìnyín jíjìn: Michelin X-Ice Snow, Bridgestone Blizzak WS90, Nokian Hakkapeliitta R5. Rọ́bà wọn rọ̀ gan-an. Wọ́n ń di omi dídì mú débi tó máa yà yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n lórí títì gbígbẹ, ẹ máa rí i pé tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn, ọkọ̀ á kọ́kọ́ rò ó kó tó yà. Lẹ́tà eré wọn, tó ń sọ eré tó pọ̀ jù tí táyà lè gbà, sábà máa ń jẹ́ R, ìyẹn kìlómítà 170 ní wákàtí kan, T, 190, tàbí H, 210. Oríṣi kejì ni irú Michelin Pilot Alpin 5 àti Pirelli Sottozero, tí lẹ́tà wọn máa ń jẹ́ V, 240, tàbí W, 270. Ìyẹn ni ti títì tútù, òjò, àti yìnyín díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tó lágbára báyìí máa ń gbádùn ẹ̀.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ yìnyín wà nínú rẹ̀. M+S, ìyẹn àmì ẹrẹ̀ àti yìnyín, nìkan kò tó. Iléeṣẹ́ lè kọ ìyẹn láìṣe ìdánwò kankan lórí yìnyín. Láti October 2024 ni Jámánì pàápàá kò ti ka M+S nìkan sí táyà òtútù mọ́.

Káyọ̀dé:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Ìdájí ni mò ń jáde o, kí ẹnikẹ́ni tó kó yìnyín rárá, òkè kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ gùn. Ṣé ti omi dídì ni kí n mú nígbà náà? Kí ni kí n ṣe nípa àpò iyanrìn tí wọ́n ní kí n gbé sí búùtù?

Ẹ̀gbọ́n Múyìwá:
Akín, ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà fún ọ̀nà tìẹ. Káyọ̀dé, ọ̀nà tìẹ ti dáhùn: ti omi dídì, lórí 18. Rììmù ọ̀tọ̀ á sì ràn ẹ́ lọ́wọ́, torí tí wọ́n bá ń tú táyà kúrò lára rììmù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọọdún, etí táyà á máa bàjẹ́, sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà lè kán. Pẹ̀lú ọ̀wọ́ rììmù méjì, ọ̀kan fún ìgbà ooru, ọ̀kan fún ìgbà òtútù, ìwọ fúnra ẹ lè fi jáàkì pààrọ̀ ẹ̀ nílé. Agbára ìyípo tó jẹ́ 150 lb-ft, ìyẹn 204 Nm, ni kó o fi di nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn kìlómítà 160, tún un yẹ̀ wò. Má ra rììmù kíróòmù, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì á bó o.

Ìyá Ìbejì:
Iyanrìn kò lè rọ́pò táyà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ dè é mọ́lẹ̀ pinpin, kó sún mọ́ àkísù ẹ̀yìn, kó má sì pọ̀, torí òun náà ni ẹsẹ̀ yín máa dá dúró tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni gíá. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, ẹ má ṣàdédé já gíá wálẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì máa fà dúró, ìdí ọkọ̀ á sì yọ̀ wá síwájú. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó dé ẹnu òkè. Tẹ́ ẹ bá ń gùn ún, gíá kejì ni kẹ́ ẹ fi gbéra, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́.

Akínlolú:
Ẹ máa yẹ afẹ́fẹ́ wò pẹ̀lú, kí táyà tutù kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Tí òtútù bá fi nǹkan bíi 5.5°C lé sí i, nǹkan bíi 1 psi, ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà, ló ń lọ.

Káyọ̀dé:
Mo dúpẹ́ o. 235/50R18 yípo, ti omi dídì. Ẹni tó ń ta rììmù ti gbà kí n gbé ẹyọ kan wá wọ̀ wò ní Sátidé. Ìgbà wo gan-an ni kí n pààrọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Múyìwá:
Má dúró de yìnyín. Ìdájí lò ń jáde, ojú ọjọ́ ìdájí ni kó o máa wò: tó bá ti ń wà lábẹ́ 7°C léraléra, pààrọ̀ ẹ̀. Tó o bá gbé rììmù yẹn wọ̀ ní Sátidé, ya fọ́tò kalípà sí wa kó o tó san owó.