Orúkọ wo ni ká fún fọ́jì Kérésìmesì?

Òkun o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú dábàá pé ká máa pe fọ́jì (fudge), àdídùn oníṣúgà tí àwọn ọmọ wa ń sè fún Kérésìmesì, ní "àdídùn oníwàrà". Àǹtí wa ní Kàbà fèsì pé ká kúkú fi í sílẹ̀ ní "fọ́jì". Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí ẹ ti mú wàrà. Bíbélì ni: ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti oyin. Ṣùgbọ́n lọ́jà wa, ẹni tó bá ń wá wàrà, ọ̀dọ̀ obìnrin Fúlàní ló ń lọ, èyí tí wọ́n fi oje bomubomu mú dì, tí a máa ń dín. Ti inú agolo, mílíìkì la ń pè é. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ "àdídùn oníwàrà", wàrà díndín ni yóò máa retí.

Inú ìkòkò ló yẹ kí orúkọ náà ti wá. Ṣúgà, bọ́tà àti mílíìkì la jọ ń sè títí yóò fi gbóná dé nǹkan bí 115 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n a kán díẹ̀ sínú omi tútù. Bó bá ṣeé ká jọ ní roboto láàárín ìka, tó sì rọ̀, ó ti tó. A ó sọ ọ́ kalẹ̀, a ò sì ní fọwọ́ kàn án títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí 45. Ìgbà náà la ó wá gbé ọmọrogùn. A ó ro ó, a ó ro ó, títí dídán ojú rẹ̀ yóò fi lọ, tí yóò sì máa ki. Ẹni tó bá ro ó nígbà tó ṣì gbóná, hóró ṣúgà á tóbi nínú rẹ̀, á máa há eyín bí iyanrìn. Ríro yẹn gan-an ni fọ́jì. Nínú ọyẹ́ sì rèé, afẹ́fẹ́ gbẹ, ó máa ń dì dáadáa.

Nítorí náà, "àrodì" ni mo mú wá: ohun tí a ro tó fi dì. Ẹnìkan lè ní ẹ̀kọ náà ni a ń ro tó sì ń dì. Òótọ́ ni, ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí "àdídùn" ṣáájú rẹ̀: àdídùn àrodì.

Àǹtí, ẹ ní orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ ni fọ́jì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń tà á ní Baltimore ní 1886, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé ẹ̀kọ́ gíga Vassar sì sè é ní 1888. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi pe àdídùn, ìsọkúsọ ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè wọn. Kí la wá ń dì í mú fún? Bọ́tà àti ṣúgà bá orúkọ wọn wọlé láti ìsọ̀. Èyí, ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe é.

Ó ku orúkọ àwọn èròjà olóòórùn tí a ń fi sí i. Atalẹ̀ àti kànáfùrù kò ní àríyànjiyàn. Ká fi sínámọ̀nì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin hóró igi ariwo sí i dípò nọ́tímẹ́ẹ̀gì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ní ariwo, torí igi méjèèjì yàtọ̀ síra. Ẹ sì rọra bù ú.