Ọdún dé tán, èmi nìkan ni mo wà, owó ò sì sí. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

Adánìkanwà:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan, mo ní kí n kúkú bi yín. Ọdún dé tán, èmi nìkan ni mo máa wà nínú ilé. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà sílé, owó ọkọ̀ sì ti fò sókè bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìparí ọdún torí gbogbo ayé ló fẹ́ rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kan náà, tí mo bá wọ ọkọ̀ lọ, n ò ní í rówó wọ̀ ọ́ padà, ká má tíì sọ pé kí n kó nǹkan dání lọ bá wọn. Àwọn tá a jọ ń gbé ti ń di ẹrù. Ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ mi wá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ pé kí n máa bá òun bomi rin òdòdó, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí wàhálà, ó ṣe mí bákan lẹ́yìn tó lọ tán.

Èyí tó wá le jù ni fóònù. Gbogbo ẹni tó bá ti pè, "ìgbà wo lò ń bọ̀?" ló máa kọ́kọ́ bèèrè, èmi á ní a máa rí i. Áàpù kan wà tó lóun á yá mi lówó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ká má parọ́, ọwọ́ ti ń yún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá ṣọdún rí tọ́wọ́ yín ò sì fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á.

Màmá Ìbejì:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Áàpù yẹn, pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù ẹ kó o tó ka èyí tó kù. Báńkì ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Owó tí wọ́n bá yá èèyàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, èlé ẹ̀ kì í kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti yọ tiwọn kí wọ́n tó fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí ẹ, ṣùgbọ́n odindi lo máa san padà o. Àwọn míì á tún ní kó o jẹ́ káwọn rí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹ, ọjọ́ tó o bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, wọ́n á máa pe ọ̀gá ẹ, wọ́n á máa pe àna ẹ. Ìtìjú tó o ń sá fún gan-an lo fẹ́ fowó èlé rà yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣírò rèé. Ibi iṣẹ́ tó pọ̀ ló máa ń tètè sanwó ní Dìsẹ́ńbà nítorí ọdún. Inú gbogbo wa á dùn. Àmọ́ tí wọ́n bá san án lọ́jọ́ 20, tí òmíì ò sì ní dé àfi 31 Jánúárì, ọjọ́ 42 nìyẹn, ọ̀sẹ̀ 6 gbáko! Owó tó yẹ kó gbé ẹ fún bí ọ̀sẹ̀ 4 lo fẹ́ fi jẹ ọ̀sẹ̀ 6, òun ló fà á tí Jánúárì fi máa ń gùn bí ẹni pé kò ní í tán. Torí náà jókòó, mú bébà, kọ owó ilé, owó ọkọ̀ ibi iṣẹ́, owó iná, dátà, gbogbo ẹ̀ títí di ìparí Jánúárì, yọ wọ́n kúrò lápapọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, pín in sí ọ̀nà 6. Ọ̀nà kan ni ti ọ̀sẹ̀ ọdún. Tó o bá ní ó kéré, bù ú lára márùn-ún tó kù, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o bù ú o, kó má lọ yà ẹ́ lẹ́nu.

Nínú ti ọ̀sẹ̀ ọdún yẹn, ra nǹkan kan tó wù ẹ́. Ẹyọ kan. Èèyàn ò lè máa fi gbogbo ara jìyà.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Màmá ti sọ tówó, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Tí ibi iṣẹ́ tìẹ náà kì í bá tì, bi ọ̀gá yín bóyá owó ọjọ́ yẹn yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ibi ló ń san ju ti ojoojúmọ́ lọ, àwọn míì á fún ẹ ní ìsinmi míì dípò ẹ̀. Ìsinmi yẹn lo máa wá fi lọ sílé ní Jánúárì nígbà tí owó ọkọ̀ bá ti wálẹ̀, tí wọ́n á sì ráyè tìẹ dáadáa torí àlejò ti tán nílé.

Tó o bá sì ń rò ó pé kó o lọ bá wọn ṣèrànwọ́ níbi kan, ní ọsibítù tàbí níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ó dáa, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, lọ́jọ́ ọdún gan-an àwọn olùrànlọ́wọ́ máa ń pọ̀ débi pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí, tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kejì Jánúárì, ẹ ò ní í rí ẹyọ kan.

Alárìnká:
Ẹ̀yin èèyàn yìí ń ṣe é bí ẹni pé àìsàn ló ń ṣe é 😂 Èmi máa ń wá ọ̀nà láti dá wà lọ́dún ni, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ṣègbéyàwó, mo máa sùn títí oòrùn á fi là, mo máa rìn káàkiri àdúgbò tó ti dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò kì í ṣe ni kí n máa wo sítátọ́ọ̀sì àwọn èèyàn. Ìyẹn gan-an ló ń pa yín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò yẹn lè ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jà tán láàárọ̀.

Ọmọ_Alágbàfọ̀:
@Alárìnká, ìwọ lo yàn án, òun ò yàn án, ọ̀rọ̀ yẹn ò dọ́gba. Tí kì í bá ṣe nǹkan kan, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò ní í yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdáwà ní 2018, Jàpáánì náà ò sì ní í yan tiẹ̀ ní 2021. Òótọ́ lo sọ nípa sítátọ́ọ̀sì ṣá.

Adánìkanwà, tèmi ò pọ̀. Èkínní, sọ fún wọn pé owó ni. Ẹnu kan báyìí: "Owó ọkọ̀ ti le jù, mo máa wá tó bá wálẹ̀." Tó o bá ti sọ ọ́ fún ẹnì kan tó máa ń sọ̀rọ̀ kiri nínú ẹbí yín, gbogbo wọn á ti gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú, wọn ò ní í bi ẹ́ mọ́. Èkejì, má dúró dìgbà tí ilé bá kún kó o tó ṣe fídíò kọ́ọ̀lù. Mo ti rí i. Wọ́n á máa gbé fóònù yẹn láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíì, wàá rí àjà ilé, wàá rí imú ọmọ kan, gbogbo wọn á máa pariwo pé "ṣé o ń gbọ́?", iná á tán lára fóònù, ìwọ á wá jókòó síbẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́, á sì le ju tẹ́lẹ̀ lọ. Àárọ̀ kùtù ni kó o pe ìyá ẹ, kí àlejò kankan tó dé, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ dáadáa. Tó bá wá di ọ̀sán, pa dátà, jáde nílé. Ọtí sì rèé, má fi ṣe ẹnìkejì lọ́jọ́ yẹn, ó máa ń dùn ní wákàtí àkọ́kọ́ ni, lẹ́yìn náà ó máa jẹ́ kí ìbànújẹ́ wúwo sí i.

Adánìkanwà:
Ẹ ṣé gan-an mà, Màmá Ìbejì. Mo ti pa áàpù yẹn rẹ́, mo sì ti ṣe ìṣirò yẹn. Ohun tó kù fún ọ̀sẹ̀ kan ò pọ̀, ẹ̀rín ló pa mí nígbà tí mo rí i, ṣùgbọ́n ó tó jẹun. Mo sì ti pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo sọ ọ́ bí Ọmọ_Alágbàfọ̀ ṣe ní kí n sọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun náà ò lọ sílé, owó ọkọ̀ kan náà ni, òun ti ń wá ohun tóun máa sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá! A ti ń wò ó pé ká jọ lọ ní Jánúárì. Alárìnká, màá gbìyànjú oorun yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ yáa tètè kọ̀wé gba ìsinmi Jánúárì yẹn o, kí àwọn tó kù níbi iṣẹ́ yín má baà ṣáájú yín.