AC ni àbí gíláàsì ṣíṣí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí epo ọkọ̀ yìí

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ìbéèrè kan ti fẹ́ di ìjà nínú ilé mi, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ là mí lóye.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo máa ń gbé màmá mi láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù. Corolla àtijọ́ ni mo ń wà. Ọ̀nà márosẹ̀ Bìní là ń gbà, àlọ nìkan tó bíi kìlómítà 40. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, èémí wọn ò sì já gaara mọ́. Tí mo bá ṣí gíláàsì, eruku àti èéfín tírélà á wọlé, ikọ́ á gbé wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ò tíì dé Òdógbólú tí wọ́n ti fi etí ìborùn bo imú, tí wọ́n fi ọwọ́ kejì di gèlè mú kí atẹ́gùn má baà ṣí i lọ. Mo rí wọn nínú dígí, àánú wọn ṣe mí. Mo ti gíláàsì, mo tan AC.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi wo géèjì epo, ó ní, "Ṣé AC lo tàn lọ tàn bọ̀?" Ó ní AC ló ń fa epo wa gbẹ, kí n máa ṣí gíláàsì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Mi ò dá a lẹ́bi. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ojú ń rí nílé epo. Àbúrò mi tó wà ní Èkó ní tirẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé téèyàn bá ṣí gíláàsì lórí márosẹ̀, epo tó máa jẹ ju ti AC lọ.

Èwo ni kí n gbà gbọ́? Owó tí mo fi ń ra epo yìí kan náà ni mo fi ń ra oògùn wọn.

Bàbá Awakọ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Olúwa á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún ọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wa 504 láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ìbàdàn. Èyí tí mo wà ò ní AC, gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa ń ṣí. Ìgbà tí mo wá bọ́ sórí ọkọ̀ tó ní AC ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í purọ́. Bí o bá tan AC tí o sì ń gun òkè, ọkọ̀ á wúwo lójijì, wàá tún tẹ tọ́tù sí i kó tó lọ. Epo lo tẹ̀ sí i yẹn. Ọkọ rẹ mọ ohun tó ń sọ.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ọkọ yín ò ṣìnà, àbúrò yín náà ò ṣìnà. Eré tí ọkọ̀ bá ń sá ló máa dá ẹjọ́ yìí.

AC ọkọ̀ kò ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ rẹ̀ so mọ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú bẹ́líìtì, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí i. Gbogbo ìgbà tó bá ń yí, epo ló ń jẹ, ì báà jẹ́ orí ìdúró, ì báà jẹ́ orí eré. Ohun tí Bàbá fẹsẹ̀ mọ̀ nìyẹn.

Ti gíláàsì ṣíṣí yàtọ̀. Ẹ ro ti ẹni tó wọ agbádá. Tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, agbádá ò dí i lọ́wọ́. Ẹ ní kó sáré wàyí, atẹ́gùn á kó sínú agbádá, á máa fà á sẹ́yìn, yóò sì máa lágun kó tó dé ibi tí ẹni tó wọ bùbá ti dé. Bí gíláàsì bá ti wà ní ṣíṣí lórí eré, ọkọ̀ ti gbé agbádá wọ̀ nìyẹn. Agbára tí atẹ́gùn fi ń dí ọkọ̀ lọ́nà kì í sì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Tí ẹ bá kúrò lórí 50 bọ́ sórí 100, eré yín di méjì, àmọ́ agbára atẹ́gùn di mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń sọ pé: nínú ìlú, láàárín Ìta-Ọ̀ṣun sí Fọlágbadé, níbi tí ẹ ti ń rìn tí ẹ ń dúró, ẹ ṣí gíláàsì. Tí ẹ bá ti bọ́ sórí márosẹ̀, ẹ tì í. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára kọ ọ́ pé nínú ooru tó mú gan-an, AC lè dín ibi tí lítà epo kan máa gbé ọkọ̀ dé kù ju ìdá 25 nínú 100 lọ, pàápàá lórí ìrìn kúkúrú. Ẹ kíyè sí "ìrìn kúkúrú" yẹn o. Ọkọ̀ tó ti jókòó sínú oòrùn ti gbóná bí ààrò, AC á ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti tù ú, kó tó tutù ẹ ti délé.

Bọ̀dá Tóyìn, Òde Rẹ́mọ

Tíṣà, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Àwọn ènìyàn ti gba ọ̀rọ̀ márosẹ̀ yìí bí òfin, wọ́n ń rò pé AC di ọ̀fẹ́ tí èèyàn bá ti kọjá àyípo Ṣàgámù. Kò di ọ̀fẹ́. Ó ṣì ń jẹ.

Mo ní bọ́ọ̀sì, mo ní ọkọ̀ kékeré. Bọ́ọ̀sì rí bí àpótí, iwájú rẹ̀ ti ń bá atẹ́gùn jà tẹ́lẹ̀, ṣíṣí gíláàsì ò fi nǹkan púpọ̀ kún ìjà náà. Àwọn ọkọ̀ kékeré tí ara wọn ń dán, tí wọ́n gbẹ́ kí atẹ́gùn lè yọ̀ kọjá, àwọn ni gíláàsì ṣíṣí ń bà jẹ́ jù. Nítorí náà ẹ má fún gbogbo ọkọ̀ ní ìdáhùn kan.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́

Mo fara mọ́ ọn, Bọ̀dá Tóyìn. Kódà fún Corolla, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lórí márosẹ̀ kì í tó nǹkan tí à ń jà sí. Kò tó ikọ́ Màmá.

Ọ̀gá AC, Sábó Ṣàgámù

Ẹ̀yin àgbà ti sọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ bi Ìyá Ìbejì ní ìbéèrè kan. Ẹ tan ọkọ̀ sílẹ̀ láìrìn, kí ẹ tẹ AC. Ẹ óò gbọ́ "ká" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mágínẹ́ẹ̀tì ló gbá kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ mú yẹn. Lẹ́yìn tí inú ọkọ̀ bá ti tutù, ṣé ẹ ń gbọ́ kó tún jáwọ́, "ká", kó sinmi díẹ̀, kó tó tún mú? Àbí tó bá ti mú, ó ti mú?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ gbọ́ ọ báyìí ni. Ó mú, ẹ́ńjìnnì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó tún gbéra. Mo dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò jáwọ́ rárá. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó kọjá ni ẹnì kan fún un ní gáàsì. Ó kàn ń fọwọ́ kan páìpù wò ni, ó ń fà á sí i títí ó fi ní "ó ti tó."

Ọ̀gá AC, Sábó Ṣàgámù

Ó ti yé mi. Kí ẹ tó dá AC lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Gáàsì R-134a inú rẹ̀, wíwọ̀n là ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Iye tó yẹ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tó bá pọ̀ jù, kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ á máa fipá ṣiṣẹ́. Tó bá kéré jù, inú ọkọ̀ ò ní tutù, ẹ ò sì ní pa á.

Èkejì, ẹ tẹ̀ba níwájú ọkọ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín gírììlì. Ẹ óò rí nǹkan pẹlẹbẹ kan níwájú rédíétọ̀, kọ́ńdẹ́ńsà nìyẹn. Ibẹ̀ ni ooru tí AC fà jáde nínú ọkọ̀ ti ń bọ́ sínú atẹ́gùn. Tí ìdọ̀tí bá dí i, ooru ò ríbi jáde. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Nínú irú ọkọ̀ yín, bí ẹ bá yí bọ́tìnì kúrò ní òtútù díẹ̀ sí apá gbígbóná, epo ò dínkù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló kàn fi ń lu èyí tó ti tutù. Ẹ fi í sílẹ̀ ní òtútù, kí ẹ dín fáànù kù. Bó bá ti tutù tó, ẹ pa á fúngbà díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ìlíṣàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbàgbé Màmá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí èémí ń dà láàmú, eruku àti èéfín dísù kò dára fún un rárá. Bí ẹ bá ti ti gíláàsì, ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ya ọkọ̀ sí, tí ọfà ń yí po nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni á máa tún tutù, èéfín tírélà ò ní wọlé, iṣẹ́ AC á sì fúyẹ́. Ẹ má darí ẹnu AC sí ojú wọn o. Tí ọkọ̀ yín bá ní fílítà lẹ́yìn àpótí ìwé iwájú, ẹ yọ ọ́ wò.

Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà ní títì nínú oòrùn, kódà kó jẹ́ pé oògùn lẹ fẹ́ sáré rà.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nǹkan wà lórí òrùlé ọkọ̀ yín?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Káríà wà níbẹ̀. Mo máa ń fi ru gààrí láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti lò ó kẹ́yìn.

Ọ̀gá AC, mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Koríko gbígbẹ, ìyẹ́ eṣinṣin, ọ̀rá omi píọ̀ tó yọ́ mọ́ ọn, àti eruku pupa tó ti gan bí amọ̀. Mo fi ìgbálẹ̀ ẹyọ kan tọ́ ọ, kò wọlé.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ tú káríà yẹn sílẹ̀ lónìí. Bó ṣófo bó kún, atẹ́gùn ń kọlù ú, ẹ sì ti fi oṣù mẹ́ta sanwó rẹ̀.

Ọ̀gá AC, Sábó Ṣàgámù

Omi lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ó máa rọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fi omi alágbára lù ú, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ á dojú dé.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́

Tó bá ti mọ́, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ lọ sí ilé epo kan náà, ẹnu ẹ̀rọ kan náà, ẹ ní kí wọ́n kún táǹkì títí ẹ̀rọ á fi já fúnra rẹ̀, kí wọ́n má fi kún un mọ́. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, kí ẹ tún kún un. Lítà tó bá wọlé ni ẹ ti jẹ. Ẹ ṣe ti gíláàsì ṣíṣí lọ́jọ́ tí Màmá ò bá sí nínú ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo padà wá jíṣẹ́.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan: àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú AC, lítà 8 ó lé díẹ̀. Lẹ́yìn náà la fọ kọ́ńdẹ́ńsà, wọ́n fa gáàsì jáde, wọ́n sì wọn òmíràn sí i lórí òṣùwọ̀n. Ó ti ń jáwọ́ báyìí, "ká", ó ń sinmi. Ọkọ mi ló gbé sípánà, òun fúnra rẹ̀ ló tú káríà. Pẹ̀lú AC, ó di lítà 6.9. Mo dá lọ, mo ṣí gíláàsì, 6.7. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá tún un ṣe.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọkọ mi ló wà wá lọ. Ó ṣí gíláàsì nínú ìlú. Bí a ṣe bọ́ sórí márosẹ̀, ó tì í, ó tẹ AC, ó wẹ̀yìn nínú dígí, ó ní, "Màmá, ṣé òtútù náà ò pọ̀ jù?" Wọn ò dáhùn. Wọ́n ti sùn lọ, gèlè wọn wà lórí, ìborùn wà lórí ẹsẹ̀ wọn.