Kẹ̀kẹ́ ọmọ wo ni kí a rà fún ìbejì ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ìyá Àkọ́bí, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ìbejì ni mo lóyún, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, oṣù Kẹta ni a ń retí wọn. Àkọ́bí wa kò ní tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Àjà kejì ni fúláàtì wa wà, lífìtì ilé náà sì jẹ́ èyí tí ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí ń dákú lọ́la. Bọ́ọ̀sì ni èmi fi ń rìn, nítorí pé ọkọ mi ló ń gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ọkọ mi fẹ́ kí a ra kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ méjèèjì yóò ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní èyí tí ọ̀kan wà níwájú, tí èkejì wà lẹ́yìn, ló rọrùn jù. Owó tí wọ́n ń dá lé kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe kékeré, n kò sì fẹ́ ra èyí tí yóò di ohun tí a ń gbé aṣọ kọ́ nínú yàrá. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ìyá Táyé-Kẹ́hìndé

Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn àwọn ọmọ. Kí ẹ tó wo kẹ̀kẹ́ kankan, ẹ mú téèpù ìwọ̀n, kí ẹ fi wọn ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹnu lífìtì àti ẹnu ọ̀nà ìta, nítorí pé àwọn ló máa pàṣẹ fún yín, kì í ṣe ẹni tí ń tajà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn inú ilé níhìn-ín ló fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76, ti àwọn ilé àtijọ́ mìíràn kò sì ju 69 lọ. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá sì ṣí gbayawu, àlàfo tí kẹ̀kẹ́ máa gbà kọjá tún dín sí i. Bugaboo Donkey, kẹ̀kẹ́ kan tí ọmọ méjì ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fẹ̀ tó 74 nígbà tí ó bá gbé ọmọ méjì: yóò gba ẹnu ọ̀nà 76 kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ yóò máa ha férémù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kánjú. Kẹ̀kẹ́ mìíràn, Mountain Buggy Duet, kò ju 63 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ọmọ méjèèjì ń jókòó sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé irú èyí kì í wọlé kò tíì wọn gbogbo wọn.

Èyí tí ó gùn, tí kò fẹ̀, a máa rọrùn láàárín èrò, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fi yí kọ́nà ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí àpótí ẹja àti òkìtì iṣu ti gba ìdajì ẹ̀gbẹ́ títì. Láti gbé iwájú rẹ̀ gun etí títì tún gba agbára, pàápàá bí ọmọ tó wà níwájú bá ti ń sanra. Ohun tí ó sì mú mi kọ̀ ọ́ gan-an ni ìjókòó ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìjókòó kan ga, èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀; ti ìsàlẹ̀ yìí sún mọ́ táyà, kì í tẹ́ balẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn ìjókòó kejì nìkan sì ni ọmọ náà ń rí. Fún ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọdún méjì jù ú lọ, kò burú, nítorí pé ìkókó nìkan ló nílò àtidùbúlẹ̀. Ìbejì ní tiwọn, ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi tilẹ̀ bi wá pé, Kẹ́hìndé tí ó rán Táyé wá tọ́ ayé wò, ṣé abẹ́ Táyé ni yóò wá máa gbé?

Bàbá Ìdòwú, Woolwich

Mo fara mọ́ ohun tí ìyá wa sọ nípa ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn jù. Àyè tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sí nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, ti ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ni lákọ̀ọ́kọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Paulley, ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, àti FirstGroup, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, pé kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ ẹni tó wà níbẹ̀ kí ó kúrò, kí ó sì dákẹ́ bí onítọ̀hún bá kọ̀ láìnídìí. Ìdájọ́ tó tọ́ ni lójú tèmi. Àmọ́ ohun tí ó túmọ̀ sí fún yín ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n á ní kí ẹ ká kẹ̀kẹ́ yín tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí ìkókó méjì àti ẹ̀gbọ́n wọn wà lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé báàgì wúwo kan sí apá òsì, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan gbìyànjú láti ká a. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìjókòó méjèèjì kúrò, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún gbé e wò láìsí ọmọ nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn wọn tó kílò 15, ẹ sì ti sọ fún wa irú lífìtì tí ẹ ní. Fún àkọ́bí yín, ẹ béèrè bóyá a lè so pákó ìdúró mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ lè dùbúlẹ̀ gbalaja títí tí yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, tí yóò sì lè dá jókòó. Ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ibi tí ìkókó ń sùn fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má ṣe fi aṣọ bo ojú kẹ̀kẹ́ nígbà oòrùn, kódà aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé inú rẹ̀ yóò gbóná kíákíá ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ má sì gbé àpò ọjà kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ọmọ kúrò, kẹ̀kẹ́ náà lè fẹ̀yìn balẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó kù.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wá àmì EN 1888, ìyẹn ìlànà ààbò fún kẹ̀kẹ́ ọmọ, lára rẹ̀, kí ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba nípa ọjà tí wọ́n ti pè padà. Ní ọdún 2009, Maclaren, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ, pe nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kẹ̀kẹ́ padà ní Amẹ́ríkà, ti ọlọ́mọ méjì wà nínú wọn, nítorí pé oríkèé tí wọ́n fi ń ká a ti gé ọmọ ìka àwọn ọmọdé.

Ìyá Àkọ́bí, Peckham

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wọn lífìtì: 71 ni, ọ̀rọ̀ Donkey ti tán nìyẹn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí Duet ní owó tó dín díẹ̀. Ṣé kí n rà á níbẹ̀, tàbí kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù?

Bàbá Ìdòwú, Woolwich

Ẹ lọ gbìyànjú kíká rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì béèrè bí ọmọ tuntun méjì yóò ṣe dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ àti iye tí ibùsùn wọn ń gbà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé òfin níhìn-ín fún yín ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà bá dé láti sọ pé ẹ kò fẹ́ mọ́, èyí tí ṣọ́ọ̀bù kò jẹ yín ní gbèsè rẹ̀ bí ọjà náà kò bá lábùkù. Inú ilé àti nínú lífìtì nìkan ni kí ẹ ti dán an wò láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí táyà rẹ̀ má ṣe dọ̀tí.