Akàròyìn, agbèrò tàbí akàfèsì: orúkọ wo ló yẹ ètò tí a fi ń wọ Usenet?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún irú ètò kọ̀ǹpútà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní newsreader, èyí tí a fi ń wọ inú àwọn ẹgbẹ́ ìjíròrò Usenet, àwùjọ orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ti ń kọ̀wé síra wọn, láti ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ, tí a sì fi ń kọ tiwa ránṣẹ́. Láti ọjọ́ 22 Oṣù Kejì 2024 tí Google Groups, ojúlé Google tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọ ibẹ̀, ti dẹ́kun gbígba ọ̀rọ̀ tuntun láti Usenet, ẹni tó bá fẹ́ kópa níbẹ̀ sábà máa ń nílò irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, kò sì dára kí a máa lò ó láìní orúkọ fún un. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ̀wé láti Ìbàdàn dábàá "akàròyìn". Àbúrò wa kan láti Ẹdẹ dábàá "agbèrò", nítorí pé ètò náà ń gba èrò àwọn ènìyàn jọ. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Agbèrò" kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Lóòótọ́, ìró kan náà ni èrò tí a ń rò àti èrò tí ń wọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Òṣogbo tí yóò gbọ́ agbèrò tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí gárèjì, sọ́dọ̀ àwọn tí ń pe èrò sínú ọkọ̀ tí wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ awakọ̀.

"Akàròyìn" ló gba àròjinlẹ̀, ẹ̀rí kan sì wà tó gbe Ẹ̀gbọ́n wa lẹ́yìn, èyí tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí Larry Wall gbé rn, ọ̀kan nínú irú ètò wọ̀nyí, jáde ní 1984, kíka ìròyìn gan-an (read news) ni lẹ́tà méjèèjì dúró fún, kíkà náà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan ránṣẹ́, ètò kékeré mìíràn tó ń jẹ́ Pnews ni yóò bá a gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ rn nìkan ni à ń sọ nípa rẹ̀, n bá ti dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo "ìròyìn" fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ròyìn wà lápá kan, ẹni tí a ń ròyìn fún wà lápá kejì, ẹni tó ń ròyìn kò sì dúró de èsì. Kì í ṣe bí Usenet ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí Tom Truscott àti Jim Ellis ti gbèrò rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ní 1979: olúkúlùkù ló ń sọ̀rọ̀, olúkúlùkù ló ń fèsì. Kódà ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ news kì í ṣe ibi tí a ti ń gbọ́ ìròyìn ayé. Ọ̀rọ̀ nípa Usenet fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún bàbá kan tí a jọ ń gbé ní Òkè-Fìà pé mo fẹ́ fi akàròyìn tuntun sórí kọ̀ǹpútà mi. Bàbá béèrè pé, "Ta ni wọ́n tún gbà sí rédíò?"

Ohun tó ya àwọn ètò wọ̀nyí sọ́tọ̀ síra wọn, bí mo ṣe ń lò wọ́n, ni bí wọ́n ṣe ń tọpa èsì. Trn, tí Wayne Davison mú jáde láti ara rn, ló sọ ọ́ di mímọ̀ pé ó yẹ kí èsì jókòó sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó bí i. Ìwé kọ̀ọ̀kan lórí Usenet ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, èsì sì máa ń gbé àmì àwọn bàbá àti baba ńlá rẹ̀ dání nínú ìlà kan tí a ń pè ní References, ìlà yìí ni ètò náà fi ń mọ ọmọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kan í ṣe. Slrn ń fi èyí hàn ní lẹ́tà lásán láìsí àwòrán kankan, ó sì yá níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti lágbára. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Pan to ọ̀rọ̀ àti àwọn èsì rẹ̀ bí igi ẹlẹ́ka sí apá kan, ó sì ṣí ìwé sí apá kejì. Thunderbird fi ẹgbẹ́ ìjíròrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ í-méèlì, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ kọ́ ohun tuntun.

Èsì yìí náà ni mo fi dán wọn wò fún èdè wa. Nínú ètò kan, tí n kò ṣètò UTF-8 fún (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà àti àmì èdè gbogbo), mo kọ "ọkọ́" àti "ọkọ̀" sínú èsì mi. Ohun tí mo rí nígbà tí ó padà wá ni "?k??" àti "?k??". Ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ di ohun kan náà. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé mo lè ka ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn, àmọ́ n kò lè dá wọn lóhùn ní Yorùbá.

Nítorí náà, "akàfèsì" ni mo dábàá: ohun tí a fi ń kà, tí a sì fi ń fèsì. Kì í ṣe ọ̀nà àjèjì ni mo gbà ṣẹ̀dá rẹ̀. Agbẹjọ́rò ń gba ẹjọ́, ó sì ń rò ó, ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ètò í-méèlì náà ń kà, ó sì ń fèsì. Òótọ́ ni, níbi tí ìyàtọ̀ bá ti ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí a pè é ní "akàfèsì àpérò" ní kíkún.

Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n wa kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú gbólóhùn yìí, kí wọ́n kà á sókè fún ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa Usenet rí, kí wọ́n sì sọ èyí tí onítọ̀hún lóye fún wa: "Ṣí akàfèsì rẹ, wá ìwé tí mo kọ lánàá, kí o sì fi tìrẹ sábẹ́ rẹ̀."